Lẹ́tà Kan Kí Ẹ Tó Dé Aro

Àìsàn ọpọlọ, àìsàn ni. Ilé ìwòsàn ìjọba ń tọ́jú rẹ̀. Mo tún un sọ: ilé ìwòsàn ìjọba ń tọ́jú rẹ̀.

Orúkọ Aro, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, ṣì ń já ọ̀pọ̀ wa láyà. Ó dùn mí. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé níbẹ̀, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú.

Owó ńkọ́? Bí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera, ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ sí Aro fún yín. Ẹni tó fẹ́ rí ọba, ìjòyè ló kọ́kọ́ ń rí. Láìsí lẹ́tà, ó ṣeé ṣe kí ẹ fi owó ara yín san gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè oògùn tí ètò náà ń san owó rẹ̀, torí lílo oògùn àìsàn ọpọlọ lè pẹ́.

Bó bá di pàjáwìrì, ẹ má dúró de lẹ́tà. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ kíá.

Bí kò bá jẹ́ pàjáwìrì, lẹ́tà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà á níbi tí ẹ forúkọ sí.