Ìwé Ìyá Akápò
Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù tí akọ̀wé wa ń kọ owó ẹ̀yáwó sí kú pátápátá. A gbé e lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà. Wọ́n ní omi ti wọ inú rẹ̀. Bí a ti ń dúró, a yà sí ilé Fẹlá ní òpópó Gbémisọ́lá, tí wọ́n ṣí fún aráyé ní 2012. Ọdún 1997 ló kú, síbẹ̀ bàtà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n tò ó. Àwa kò sì rí gbèsè oṣù mẹ́ta péré!

Ìwé kékeré ìyá akápò ló yọ wá, ìyá tí a ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti kọjá ìwé. A ti tọrọ àforíjì. Láti oṣù yìí, akọ̀wé á kọ sí fóònù, akápò á kọ sínú ìwé, a ó sì máa fi wọ́n wéra ní gbogbo ìpàdé.