Àìsàn Tí Òṣìṣẹ́ Ń Fi Pamọ́

 

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ikọ́ fée (asthma) tó le ń bá fínra ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ó yé wa: lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn yìí nìkan kọ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbẹ̀rù tó ń mú kí wọ́n fi í pamọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ikọ́ fée bá dé, ihò tí èémí ń gbà á wú nínú, iṣan tó yí i ká á fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí èyí tó kù. Èémí á ṣòroó mí síta, àyà á máa dún bíi fèrè. Ínhélà aláwọ̀ búlúù tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ventolin ń tú iṣan náà sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, àmọ́ kì í wo wíwú náà. Ínhélà sìtẹ́rọ́ìdì ló ń wò ó, ojoojúmọ́ ni a sì sábà máa ń fà á. Ìdí nìyí tí GINA, ẹgbẹ́ onímọ̀ àgbáyé lórí àìsàn yìí, fi sọ ní 2019 pé kí àgbàlagbà má gbára lé aláwọ̀ búlúù nìkan mọ́. Ní ti ẹni tí tirẹ̀ le, ó lè máa lo sìtẹ́rọ́ìdì tó pọ̀ àti oògùn mìíràn bó ti yẹ, síbẹ̀ kí àyà rẹ̀ máa há. Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ẹ wo ibi iṣẹ́ wa. Ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, lẹ́búlẹ́bú igi nílé ìlagi, ọ̀dà tí àwọn akunmọ́tò ń fọ́n: gbogbo wọn lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in rí. Eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì ń mú ti ẹni tó ní in burú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè lé òun kò ní sọ pé kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà. Á fi ẹ̀jẹ̀ sínú, á tu itọ́ funfun jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò ti fa ínhélà rẹ̀. Bí kò bá sùn mọ́jú, yóò ní ibà ló mú òun. Lọ́jọ́ tí ó bá wá dákú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí oògùn rẹ̀ wà.

Ọ̀wọ́n oògùn tún dá kún un. Lẹ́yìn tí GlaxoSmithKline, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, owó ínhélà fò sókè gan-an. Ẹni tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Òfin kò dákẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tó kàn ní owó ọ̀yà fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún, bí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Òfin ọdún 2010 tí àjọ ìjọba NSITF ń bójú tó wà fún owó ìrànwọ́ ẹni tí iṣẹ́ kó àìsàn bá. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2019 sì lòdì sí yíya ẹni tó ní àìpé ara sọ́tọ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ikọ́ fée tó le, tó pẹ́, tó sì ń dí ènìyàn lọ́wọ́, wà lábẹ́ ààbò rẹ̀.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà ilé iṣẹ́ yín pé a kò ní lé ẹni tó bá jẹ́wọ́ àìsàn rẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́nu fèrèsé, ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ tó ní eruku, ẹ fún un láyè láti lọ rí dókítà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ bá wọn fà á títí yóò fi di àdéhùn. Ìgbà yẹn ni a tó lè sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó sọ̀rọ̀.