Bí Ènìyàn Bá Yí Ayé Po, Ǹjẹ́ Ó Lè Padà Sí Àná?



Àlọ́ kan ni a gbé wá bá yín lónìí. Ká ní ẹnì kan ní Òṣogbo ra aṣọ àwìn ní Ọjọ́ Ajé lọ́wọ́ Òṣómàáló, oníṣòwò ará Ìjẹ̀ṣà, tí ó sì ṣèlérí láti san owó náà lẹ́yìn ọjọ́ 360, èyí tí yóò bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí ọjọ́ bá pé, Òṣómàáló yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an ni onígbèsè yìí wọ ọkọ̀, ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, ó yí gbogbo ayé po, ó sì padà dé. Ìwé tí ó ń kọ lójoojúmọ́ wí pé Ọjọ́rú ni. Nítorí náà ó ní ọjọ́ kò tí ì pé. Ta ni ó jàre?

Ẹ má ṣe pe èyí ní àròsọ lásán. Ní 1519 àwọn ọkọ̀ Magellan ṣí kúrò ní Spéìn, wọ́n ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn dé erékùṣù Cape Verde ní oṣù Keje 1522, ìwé wọn wí pé Ọjọ́rú ni, ṣùgbọ́n àwọn ará erékùṣù ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹnu sì ya Pigafetta, tí ó ti ń kọ ìwé náà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọsàn tí a bó. Àwọn ìlà àárín awẹ́ rẹ̀ pàdé lókè, wọ́n sì pàdé nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí ara wọn ní agbedeméjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ìlà tí a fi ọkàn fà láti òpin àríwá ayé dé òpin gúúsù. A pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dìgírì. Níwọ̀n bí ayé ti ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, ìṣẹ́jú 4 ni oòrùn fi ń kọjá dìgírì kan. Iléṣà wà ní ìlà-oòrùn Òṣogbo ní nǹkan bí ìdá márùn-ún dìgírì. Nítorí náà ọ̀sán gangan ń kọ́kọ́ dé Iléṣà, kò sì pé ìṣẹ́jú kan kí ó tó dé Òṣogbo. Síbẹ̀ aago kan náà ni ìlú méjèèjì ń lò, nítorí pé àdéhùn ni aago jẹ́.

Ó kan onígbèsè wa. Bí ó bá ń kọjá dìgírì kan lójúmọ́, ọjọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú 4 gùn ju tiwa lọ. Ẹ fi 4 sọ 360 di púpọ̀: ìṣẹ́jú 1,440 ni, èyí sì ni wákàtí 24 géérégé. Ìgbà 359 ni ojúmọ́ mọ́ fún un, ó sì mọ́ fún wa nígbà 360. Kò jèrè ìṣẹ́jú kan; ọjọ́ tirẹ̀ ni ó gùn.

Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kan lè béèrè pé: ní òpin àríwá, níbi tí gbogbo ìlà ti pàdé, ìṣísẹ̀ díẹ̀ tó láti kọjá gbogbo wọn. Bí ènìyàn bá yí ibẹ̀ po nígbà mẹ́wàá ní wákàtí kan, ṣé kò ní padà sẹ́yìn ní ọjọ́ mẹ́wàá? Rárá. Ní 1884, ní Washington, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé láti Greenwich ni kí a ti máa ka ìlà wọ̀nyí. Ní òdìkejì rẹ̀, lórí òkun Pàsífíìkì, ni ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà wà. Ẹni tí ó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn yóò dá aago padà ní wákàtí 24, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ìlà yẹn, yóò fi odindi ọjọ́ kan kún un. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì ti san án.

Nítorí náà, àwọn méjèèjì kò purọ́ nínú kíkà wọn. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n ti dá àdéhùn, kíkà Òṣogbo ni a ó sì tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la; kò sí ọkọ̀ tí ó lè yí ọ̀la náà sílẹ̀. Kí onígbèsè mú owó jáde, kí Òṣómàáló sì dìde ní ìlóṣòó.