Òfúrufú Kò Mọ Ọlọ́lá

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ

Ẹ ní kí a sọ ìrírí wa nínú ìrìnàjò ojú òfúrufú fún yín. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti gbé wa wọ bàlúù ńlá àti kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fọ́nnu ni a ṣe dìde. Ẹ̀kọ́ kan wà tí a rí kọ́ lókè, tí ó yẹ kí a gbé sọ̀ kalẹ̀ wá.

Bàlúù kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1925 ni àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì fi bàlúù balẹ̀ sí Kánò láti Íjíbítì. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1959 sì ń bọ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lo hẹlikọ́pítà láti dé ọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bàlúù jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá ń kọ ebè lóko tí a sì gbọ́ ìró bàlúù, a ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, a ó máa juwọ́ sí i, a ó máa kígbe ohun tí a fẹ́ kí ó bá wa rà bọ̀. Lójú wa nígbà náà, ẹni tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ ti bọ́ lábẹ́ àṣẹ gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí àwa náà wọ̀ ọ́ ni a tó mọ̀ pé inú rẹ̀ gan-an ni òfin ti múlẹ̀ jù.

Ní àkókò ọyẹ́ kan, a fẹ́ láti Èkó lọ sí Kánò. Eruku ọyẹ́ ti bo Kánò mọ́lẹ̀ débi pé awakọ̀ kò ní lè rí ojú pápá tí yóò balẹ̀ sí. A jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Ọlọ́lá kan wà láàrin wa tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ yí i ká. Ó fi ìbínú dìde, ó ní àwọn ènìyàn pàtàkì ń dúró de òun. Awakọ̀ náà, tí ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ọyẹ́ kò mọ̀ yín. Bí mo bá gbé yín dé ibi tí ilẹ̀ kò hàn, kò sí ẹni tí yóò bá wa bẹ̀ ẹ́.” Èkó ni a sùn. Ní ọjọ́ kejì, a gúnlẹ̀ sí Kánò ní àlàáfíà, ọlọ́lá náà sì bọ awakọ̀ lọ́wọ́.

Ní ìgbà mìíràn, bàlúù kékeré tí kò gbà ju ènìyàn márùn-ún lọ ni a wọ̀. Wọ́n wọn ẹrù wa, wọ́n sì wọn àwa fúnra wa bí ẹni ń wọn kòkó. Àpò ìwé ìpolongo méjì ni a fi sílẹ̀. Awakọ̀ ṣàlàyé pé bí ooru ọ̀sán bá mú, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́lẹ́, ìyẹ́ bàlúù kì í sì lè gbé ẹrù tó èyí tí ó ń gbé ní òwúrọ̀ tútù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé òṣùwọ̀n tòótọ́ kì í ṣe ojúsàájú.

Lẹ́yìn èyí, ó mú ìwé pélébé kan, ó ń kà á sókè, ó sì ń fi ọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni irun orí rẹ̀ ti funfun sẹ́nu iṣẹ́ náà. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, bàlúù tuntun kan tí ilé iṣẹ́ Boeing fẹ́ tà fún àwọn ológun já lulẹ̀, nítorí pé àwọn ògbóǹtarìgì tí ó wà á gbàgbé láti tú ohun tí a fi de ìrù rẹ̀. Méjì nínú wọn kú. Láti inú ìjàǹbá náà ni àṣà kíka ìwé kí a tó fò ti gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì, kùrukùru bo pápá. Bàlúù ńlá méjì wà lójú ọ̀nà kan náà, ọ̀kan ti Hóláńdì, èkejì ti Amẹ́ríkà. Ọ̀gá awakọ̀ ti Hóláńdì, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn ní iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti fò láìtíì gba àṣẹ. Ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàlúù kejì kò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ẹnikẹ́ni kò tún jà á níyàn mọ́. Ènìyàn 583 ni ó kú. Ọ̀fọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí a máa kọ́ àwọn awakọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ó bá rí ewu, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ẹ̀yin ará, àwa Yorùbá mọ ọ̀wọ̀ àgbà, a kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni ó wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbẹ̀ tí ó jókòó lẹ́yìn bá mọ̀ pé ibi tí a fẹ́ la ọ̀nà gbà ni ọ̀gbàrá ń gbà lójò, tí ó sì dákẹ́ nítorí pé olóyè ti sọ̀rọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ kò kéré. Bí olóyè bá sì fi ohùn líle pa á lẹ́nu mọ́, tirẹ̀ ni ó burú jù.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: kí alága ìpàdé kọ̀ọ̀kan bi ẹni tí ó kéré jù léèrè kí a tó fẹnu kò, kí a sì máa ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ sókè lójú gbogbo ènìyàn, bí awakọ̀ ti ń ka ìwé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí a fọkàn tán jù ni akápò. Ẹni tí ó bá rí ewu tí ó sì wí, kì í ṣe aláfojúdi. Ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo wa délé ni.