Pupa Mélòó Ló Wà Nínú Àwòrán Kan?

Bí mo bá béèrè àwọ̀ òdòdó tí ẹ ń wò lójú amóhùnmáwòrán yín yìí, ọ̀pọ̀ yín ni yóò dáhùn kíá pé yẹ́lò ni. Bí mo bá ní kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dákẹ́ títí nígbà tí mo bi í, ó wá ní, "Ọ̀gá, èdè wa ò ní i." Èsì yẹn ló gbé mi dé ibí lónìí.

Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ló ya àwòrán náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ní ìlú Arles ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Òdòdó oòrùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ìkòkò kan. (Kì í ṣe èyí tí ó máa ń bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ti Arles tóbi jù ú lọ, a sì máa ń fún òróró nínú irúgbìn rẹ̀.) Ó ń retí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Paul Gauguin, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, ó sì fẹ́ fi irú àwòrán báyìí ṣe yàrá àlejò náà lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí pé òdòdó a máa tètè rọ, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gauguin dé ní oṣù kẹwàá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn kí ọdún tó parí, àlejò sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Òdòdó pupa, ìkòkò pupa, tábìlì pupa, ògiri pupa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ni. Òtítọ́ ni pé mẹ́ta péré ni olórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú èdè wa: funfun, dúdú àti pupa. Ṣùgbọ́n baálé ni pupa, ará ilé rẹ̀ sì pọ̀. Ta ni kò mọ pupa ẹyin? Ta ni kò jẹ àgbàdo pupa rí, tàbí gààrí pupa? Yẹ́lò ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn. Àwa a sì tún máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀: pupa fòò, pupa rúsúrúsú, pupa rẹ́súrẹ́sú, pupa bí epo, pupa bí ìyeyè. Àwọn òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là nínú àwòrán yìí pupa bí ìyeyè tó pọ́n. Àwọn tí ewé wọn ti re, tí ó ku orí irúgbìn nìkan, ti di rẹ́súrẹ́sú. Ògiri ẹ̀yìn wọn dà bí ògì àgbàdo pupa. Ìkòkò tí ó kọ "Vincent" sí lára pàápàá pín sí méjì, pupa òkè rẹ̀ kì í ṣe ti ìsàlẹ̀.

N kò ní tan yín o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn afẹ̀hónúhàn kan da ọbẹ̀ tòmátò sí àwòrán yìí ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Gíláàsì ló gbà á sílẹ̀. Ẹni tí yóò ròyìn ìyẹn ní Yorùbá, pupa lọbẹ̀, pupa lòdòdó. Dandan ni kí ó wá àfikún ọ̀rọ̀ kí a tó mọ èyí tó ń sọ. Iṣẹ́ gidi ni fún olùkọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí yẹ́lò yóò bá a ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ó máa ń ká mi lára. Van Gogh kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ pé bí òdòdó ti ń rọ ni àwòrán ń ṣá. Ọ̀dà tí wọ́n fi òjé àti kurómíọ̀mù ṣe ló lò, ìmọ́lẹ̀ a sì máa sọ irú rẹ̀ kan di ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1889 ó tún àwòrán náà yà; ọ̀kan nínú wọn wà ní Amsterdam. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀dà ara rẹ̀ wò, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ kéde ní ọdún 2019 pé àwòrán náà kò ní rìnrìn àjò mọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí yẹ́lò bá ṣá tó bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí a yí orúkọ rẹ̀ padà. Lọ́dọ̀ tiwa, láti orí ìyeyè títí dé orí rẹ́súrẹ́sú, kò tíì jáde nílé baálé rẹ̀. Ó kàn ń darúgbó níbẹ̀ ni.

Mo tún gbé àwòrán náà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ọjọ́sí, mo ní kí ó ròyìn rẹ̀ láìlo yẹ́lò. Ojú ìwé méjì ló kọ. Olóòtú, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.