Ọmọ Tí Kò Dá Wa Lóhùn, Ọmọ Wa Náà Ni



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn ní oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ mi lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ kan tí a kì í sábà rí ní mọ́sálásí wa. Wọ́n wà ní àdúgbò, ṣùgbọ́n inú ilé ni a ń fi wọ́n pamọ́ sí. Àwọn ni ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù.

Kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ náà ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀ láti kékeré. A lè pe orúkọ rẹ̀ kí ó má dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ kò di. Ó lè má wo ojú ẹni. Ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ lè pẹ́. Ó lè máa to ìdérí ìgò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ti gbohùngbohùn lè mú un figbe ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ni ó wà ní ipò yìí. Ẹ fi èyí wo èrò tí ń bẹ ní ọjà Alaba nìkan.

Kì í ṣe èpè, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Ìgbà kan wà tí àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ni ó fà á. Ìwádìí fi hàn pé irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́: ìwé ìwádìí tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní 1998, àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní 2010. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí ìyá lọ wádìí ọ̀tá rẹ̀, ẹrù ni ó fi kún ẹrù. Ẹni tí ó sì ń na ọmọ náà kí àlùjànnú lè jáde, àbòsí ni ó ń ṣe.

Ẹ rántí ohun tí ó fa Suratul Abasa. Afọ́jú ni Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, Ọlọ́hun sì tọ́ Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ́nà nítorí rẹ̀. Afọ́jú yìí kan náà ni ó di ladani ní Mẹ̀dínà. Ànábì a máa dín ìrun kù bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, nítorí àánú ìyá rẹ̀. Kí wá ni ó yẹ kí ó mú wa lé ìyá jáde nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń pariwo?

Òfin náà wà lẹ́yìn wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé ọmọ pọ̀n. Láti Okokomáíkò dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba, ọkọ̀ tí ìyá ó wọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Kò sí oògùn tí ń mú ọ́tísíìmù kúrò, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ àti ìṣesí, ìyàtọ̀ ńlá ni yóò jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ bá ìyá náà jókòó ti ọmọ fún wákàtí méjì kí ó lè sinmi. Ẹ kó owó ọkọ̀ jọ fún un. Ní iléekéwú, ẹ fi ọmọ náà síbi tí ariwo kò pọ̀, kí ẹ fi àwòrán kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ sọ pé "omi", ẹ bá wọn yọ̀ bí ẹ ti ń yọ̀ fún ọmọ tí ó yege wòlímọ̀. Fún ilé yẹn, wòlímọ̀ ni.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wọ̀nyí ní sùúrù, kí Ó sì fi àwa ṣe ìrànwọ́ wọn. Àmín.