Kéèyàn Mọ Ibi Tó Dé Lófurufú

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìdíje eré jíjá bọ́ láti inú bàálù, mo ní kó kọ́kọ́ kọ́ bí yóò ṣe máa mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí i tó. Ẹni tó da àyà délẹ̀ ń já bọ́ ní nǹkan bí 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Kìlómítà kan á gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 18. Ẹni tó forí sọlẹ̀ ní 500 kò ní lò ju nǹkan bíi 7 lọ. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ inú akoto tó ń ké síni létí bí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ti tó. Rárá o! Bátìrì lè kú, ariwo afẹ́fẹ́ sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Bó tilẹ̀ ké, èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ dín eré kù ná, torí páráṣúùtì tó bá ṣí lórí irú eré bẹ́ẹ̀ lè ṣeni léṣe gidi. Abájọ tí òfin ìdíje kì í fi í ka eré kankan mọ́ tó bá ti ku nǹkan bí 1,700 mítà sílẹ̀.